Tí Ẹ̀rọ Tuntun Bá Wọ Ṣọ́ọ̀bù Wa

Ẹ fojú inú wo ṣọ́ọ̀bù kan nílùú London lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí wọ́n ti ń ta gààrí, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ. Oníbàárà kan fẹ́ fi káàdì sanwó, àmọ́ ẹ̀rọ tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò dáhùn. Ìyá tó ń tajà níbẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí. Àwọn tó tò sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tó máa fi di alẹ́, ìyá náà ti ń rò ó pé bóyá kóun kúkú fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ìyá yìí kì í ṣe olóríkunkun o. Ó mọ iṣu tó ti bà jẹ́ kó tó gé e, ó sì mọ oníbàárà tí kì í jẹ ata. Ìtìjú ló ń dà á láàmú. Bó bá sì lọ, ìmọ̀ yẹn bá a lọ nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ ti dé, kò ní pa dà. Ní Britain, láti April 2022, ó ti di dandan kí gbogbo ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ fún VAT máa fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ṣe àkọsílẹ̀ wọn, àfi àwọn díẹ̀ tí ìjọba yọ̀ǹda fún. Láti April 6, 2026, irú òfin yìí tún kan àwọn tó ń dá ṣòwò, tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún bá ju £50,000 lọ kí wọ́n tó yọ ìnáwó. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n á máa fi ìṣirò ránṣẹ́ sí HMRC. Torí náà, ohun tí òṣìṣẹ́ bá tẹ̀ nídìí owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ṣọ́ọ̀bù

Ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ra ẹ̀rọ náà kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Ẹ kọ́ wọn nígbà tẹ́ ẹ bá ti tilẹ̀kùn, kì í ṣe lójú oníbàárà. Ẹ sanwó àkókò yẹn, torí iṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣàṣìṣe: kí wọ́n ta agolo tòmátò kan, kí wọ́n fagi lé e, kí wọ́n dá owó pa dà. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń tún àṣìṣe ṣe, ẹ̀rù á kúrò lára rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kọ́ wọn lójúmọ́, kí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́

Tí Mọ́mì bá ní kó o wá wò ó, má gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn. Bó o bá bá wọn tẹ̀ ẹ́, ìwọ lo kọ́ ọ, àwọn ò kọ́ nǹkan kan. Ẹnu ni kó o fi júwe rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín, má sì sọ pé, “Ṣebí mo sọ fún yín lánàá.” Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwọn náà ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, wọn ò sì ká a sí ẹ lọ́rùn.

Tí ẹ̀rọ bá tún kọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, ìyá yẹn lè wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó tún un so, kó sì sọ fún oníbàárà pé, “Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, ẹ jọ̀ọ́.”