Ìrora Gìgísẹ̀: Ohun Tí Ó Ń Fà Á àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Kókó ọ̀rọ̀

• Ìpalára sí iṣan tí ó wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó sábà máa ń fa ìrora lábẹ́ gìgísẹ̀ àgbàlagbà.
• Ìrora náà máa ń le jù lọ ní ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn oorun.
• Nínà iṣan lójoojúmọ́ àti wíwọ bàtà tí ó gbé ẹsẹ̀ ró ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú.
• Ara ọ̀pọ̀ jù lọ aláìsàn máa ń yá láàárín ọdún kan láìsí iṣẹ́ abẹ.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹsẹ̀?

Iṣan kan tí ó nípọn, tí ó sì yi, so eegun gìgísẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè é ní plantar fascia. Bí ọsán ti ń di ọrun mú kí ó má baà tẹ́ pẹrẹsẹ ni iṣan yìí ń di àtẹ́lẹsẹ̀ mú. Bí ẹrù tí ó ń rù bá pọ̀ jù, yóò máa ya díẹ̀díẹ̀ níbi tí ó ti so mọ́ gìgísẹ̀. Bí ènìyàn bá sùn, iṣan náà a súnkì. Bí ó bá dìde, a nà lójijì. Ìdí nìyí tí ìrora fi ń le ní òwúrọ̀, tí ó ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, tí ó sì tún ń padà ní ìrọ̀lẹ́.

Àwòrán x-ray lè fi eegun ṣóṣóró kan hàn lábẹ́ gìgísẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní ìrora kankan ni ó ní irú rẹ̀. Nítorí náà, rírí i nìkan kò túmọ̀ sí pé a gbọ́dọ̀ gé e kúrò.

Àwọn wo ni ó wọ́pọ̀ lára wọn?

Ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín ọmọ 40 sí 60 ọdún, lára àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ìdúró pípẹ́ lórí ilẹ̀ líle, bí olùkọ́, ọlọ́jà àti ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà, lára àwọn tí wọ́n sanra jù, àti lára àwọn asáré.

Ìtọ́jú nílé

• Kí aláìsàn tó sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, kí ó fi ọwọ́ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ìhà ojúgun, kí ó ka ení dé ẹẹ́wàá, kí ó tó fi í sílẹ̀. Kí ó ṣe é nígbà 10, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.
• Kí ó fi ọwọ́ ti ògiri, kí ẹsẹ̀ tí ń dùn ún wà lẹ́yìn, kí orúnkún rẹ̀ nà, kí gìgísẹ̀ má sì kúrò nílẹ̀. Kí ó wá tẹ̀ síwájú fún ìṣẹ́jú àáyá 30.
• Kí ó fi aṣọ wé yìnyín, kí ó gbé e sí gìgísẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15.
• Kí ó yẹra fún sílípáàsì pẹlẹbẹ àti ìrìn láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ líle. Kí ó máa jókòó sinmi lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri kò gbọdọ̀ lo yìnyín tàbí omi gbígbóná, nítorí ó lè ṣèpalára láìmọ̀.

Oògùn àti abẹ́rẹ́

Paracetamol tàbí ibuprofen lè dín ìrora kù fún ìgbà díẹ̀. Kí aboyún, ọlọ́gbẹ́ inú àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn má ṣe lo ibuprofen láìkọ́kọ́ bi òṣìṣẹ́ ìlera. Abẹ́rẹ́ steroid lè mú ìtura wá fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń gbà á léraléra, iṣan náà lè já. Dókítà ni ó yẹ kí ó fúnni ní irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe kẹ́míìsì ẹ̀bá ọ̀nà.

Nígbà wo ni ó yẹ láti lọ sí ilé ìwòsàn?

Kí aláìsàn tètè lọ bí ìrora bá bá ibà, ara pípọ́n tàbí wíwú rìn. Bí kò bá lè dúró lẹ́yìn ìṣubú. Tàbí bí ìrora kò bá jẹ́ kí ó sùn lóru. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ má ṣe dúró rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, nítorí kòkòrò àrùn lè ti wọ eegun.

Ìtọ́jú yìí ń fẹ́ sùúrù. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè kọjá kí ìyàtọ̀ tó hàn. Ẹni tí ó bá dá nínà iṣan dúró lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kò tí ì gbìyànjú rẹ̀ tó.