Owó Ilé-iṣẹ́ Ń Tẹ̀lé Ọwọ́ Òṣìṣẹ́: Kí Ni Tàwa Ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ Nínú Rẹ̀?

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan dá wa dúró lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní Ìkòròdú. Báǹkì kan ní Erékùṣù Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ilé-iṣẹ́ wa ń fún wa ní ọjọ́ kan lọ́dún ká fi ran ẹgbẹ́ tó ń tún àyíká ṣe lọ́wọ́, wọn kì í sì í yọ ọ́ nínú owó oṣù wa. Wọ́n tún lè fún ẹgbẹ́ tá a bá bá ṣiṣẹ́ lówó. Mo mú orúkọ ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Májídùn lọ, àwọn tó máa ń kó ọ̀rá àti ike kúrò nínú gọ́tà. Wọ́n ní kí n mú ìwé ẹgbẹ́ náà wá. Ẹgbẹ́ wa ò níwèé kankan." Owó ọdún yẹn gba ibòmíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa kọ àlàyé yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà nírú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí àwọn òbí wọn kò mọ̀ pé ọ̀nà yìí ṣí sílẹ̀.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń ya owó sọ́tọ̀ fún ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì kò lè mọ ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ orúkọ lásán. Òṣìṣẹ́ tó ti bá wọn wọ inú gọ́tà mọ̀. Òun ni ẹlẹ́rìí, òun náà sì ni onídùúró. Ìdí nìyí tí owó fi ń lọ síbi tí òṣìṣẹ́ bá ti yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Microsoft ń san dọ́là 25 fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá fi ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Patagonia, ilé-iṣẹ́ aláṣọ, ti ń ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àbójútó àyíká láti 1985, ó sì ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ bá ẹgbẹ́ àyíká ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù 2 lórí owó oṣù rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i o, ẹgbẹ́ ni wọ́n ń san owó yìí fún, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá bù ú jẹ ti jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ bi wá bóyá láádá wà fún ẹni tí wọ́n ń sanwó ọjọ́ náà fún. Ní tiwa o, àníyàn rẹ̀ ló máa sọ. Ẹni tó lọ torí kí ọ̀gá rẹ̀ lè rí fọ́tò rẹ̀ ti gba èrè tirẹ̀ nínú fọ́tò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ wà lára àwọn tó la ọ̀nà yìí nílẹ̀ wa. Olóyè Shafi Lawal Edu, oníṣòwò pàtàkì tí wọ́n bí ní Ẹ̀pẹ́ ní 1911, tó sì kú ní 2002, ló dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti ìjọba, kò sì wà fún èrè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí igbó, omi àti ẹranko má parun. Ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti mọ̀ ọ́n ni ọgbà Lekki Conservation Centre, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990. Chevron, ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì, ló náwó sí kíkọ́ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà. Aládùúgbò ni wọ́n, ọ́fíìsì Chevron kò jìnnà síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yìí tún bá ẹgbẹ́ náà dá owó ìwádìí sílẹ̀ ní orúkọ Edu fún àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé.

Hẹ́kítà 78 ni ọgbà náà. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, ọ̀nì àti ejò wà níbẹ̀, afárá gígùn kan sì wà lókè láàárín àwọn igi, mítà 401. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àbàtà tó ń fa omi òjò mu. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Èkó lónìí, ilé ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Ká ní kò sí ẹgbẹ́ tó di ilẹ̀ yẹn mú ni, ilé ni ìbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣé ilé-iṣẹ́ epo ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀ àyíká?" A kò dá a lẹ́bi. Ní oṣù January 2012, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ kànga gáàsì fún Chevron ní Funiwa, lẹ́bàá òkun Bayelsa, gbiná. Òṣìṣẹ́ 2 kú, iná náà sì jó ju oṣù kan lọ lójú omi. Igbó Lẹ́kí kò pa iná yẹn. Èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ gba owó tó bá mọ́, kí ó sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé gbígbà òun kò di òun lẹ́nu. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa gbé owó rẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ tiwa wá ńkọ́? Nígbà tí ìjọba Èkó dá ìmọ́tótó Sátidé ìparí oṣù dúró ní November 2016, àdúgbò tó bá fẹ́ gọ́tà tó mọ́ ní láti fúnra rẹ̀ dìde. Ọ̀rá tí a jù sí gọ́tà ní Ìkòròdú, ọ̀sà ni òjò ń gbé e lọ, inú ọ̀sà yẹn náà sì ni àwọn apẹja ti ń kó ẹja wá sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó ń kó ìdọ̀tí yìí pọ̀ nínú wa, àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ asalátù wà lára wọn. Ìwé ni wọn kò ní.

Ọ́fíìsì CAC ni wọ́n ti ń fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ òfin CAMA ti 2020. Ẹ ó yan àwọn tí ẹgbẹ́ wà ní ìkáwọ́ wọn, ẹ ó kọ ìlànà ẹgbẹ́, ẹ ó sì polówó orúkọ náà nínú ìwé ìròyìn 2, kí ẹni tó bá lódì sí i lè sọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ 28. Lẹ́yìn èyí ni ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó àìmọ́. Ọ̀fẹ́ ni, báǹkì sì máa ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún ẹgbẹ́. Àkáǹtì yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ti alága tàbí ti àfáà, bó ti wù kí wọ́n ṣe olóòótọ́ tó. Ẹ ra ìwé kan tí ẹni tó bá wá ṣiṣẹ́ yóò ti kọ orúkọ rẹ̀, àkókò tó dé àti àkókò tó lọ, torí wákàtí ni ilé-iṣẹ́ máa ń béèrè. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í sì í ná irú owó yìí sórí ẹ̀sìn, nítorí náà ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára owó mọ́ṣáláṣí, ẹ sì jẹ́ kí aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí wọ ẹgbẹ́ náà.

Ọ̀dọ́kùnrin ọjọ́ yẹn ti padà bá wa. Wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ ẹgbẹ́; àwọn tí yóò máa fọwọ́ sí ìwé owó ni wọ́n ṣì ń jà lé lórí. Sátidé kẹta oṣù September ni wọ́n máa ń kó ìdọ̀tí etí omi káàkiri ayé, ọjọ́ yẹn ni àwọn náà mú fún etí odò Májídùn. Ó ní òun ti fún àwọn ọ̀gá òun lọ́jọ́ náà, àwọn 4 níbi iṣẹ́ òun sì ti ní àwọn á bá òun wá.