Ọmọ Libreville Tó Fi Dídènà Dé NBA, àti Ohun Tí Àwọn Ọmọ Wa Lè Fi Ṣe Nídìí Géèmù

Ẹ wo ọmọ méjì tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n di páàdì PlayStation mú, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nínú NBA 2K. Àwọn méjèèjì mọ bọ́ọ̀lù í jù sínú apẹ̀rẹ̀ dáadáa. Kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n dènà nínú wọn. Eré á parí sí 118 sí 112, ẹni tó fìdí rẹmi á ní èkejì ṣe màgòmágó, ariwo á sọ, páàdì á fò lọ sára ògiri. Owó páàdì tuntun kì í sì í ṣe owó kékeré, ì báà jẹ́ náírà la fẹ́ fi rà á tàbí owó sẹfa.

Àwọn òbí wa tó wà ní Libreville, títí kan àwọn tó ń tajà ní Mont-Bouët, ní ẹni tí wọ́n lè fi ṣe àpẹẹrẹ fáwọn ọmọ yìí. Chris Silva ni. Libreville ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1996. Ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba nígbà tó kúrò nílùú tí wọ́n ti ń sọ Faransé lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ka ilé ẹ̀kọ́ girama ní New Jersey, ó sì bọ́ sí University of South Carolina. Lọ́dún 2017, ẹgbẹ́ wọn wà lára mẹ́rin tó kù nínú ìdíje ńlá àwọn yunifásítì. Lọ́dún 2018, òun àti Robert Williams ti Texas A&M ni wọ́n jọ mú gẹ́gẹ́ bí adènà tó dára jù ní ìsọ̀rí SEC.

Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan ọ̀dọ́ lọ́dún 2019, kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Miami Heat ló ní kó wá gbìyànjú, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n fún un ní àdéhùn gidi. Ní ìparí ọdún 2019, NBA mú ìyá rẹ̀ wá bá a láìjẹ́ kó mọ̀, lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí wọn ò ti fojú kan ara wọn. Òbí tó bá ti fọmọ ránṣẹ́ sókè òkun mọ bí ìyẹn ṣe rí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí páàdì. Ohun tó ń ba dídènà ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ ni R2, bọ́tìnì eré sísá. Bí alátakò bá ti gba bọ́ọ̀lù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á kó eré bá a, òun á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á sì kọjá lára rẹ̀ bí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já. Ẹ fi R2 sílẹ̀ bí ẹ bá ti sún mọ́ ọn. L2 ni kí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀: agbábọ́ọ̀lù yín á ba díẹ̀, á la ẹsẹ̀, á máa fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Kó ṣáà wà láàárín ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù àti apẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 24 péré ni ẹgbẹ́ kan ní láti fi ju bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá dá a dúró fún 15 nínú rẹ̀, ìkánjú á bẹ̀rẹ̀ sí í mú un.

Bọ́tìnì onígun mẹ́rin ni wọ́n fi ń já bọ́ọ̀lù gbà. Àwọn ọmọ kan ń tẹ̀ ẹ́ léraléra bí olówó èlé tó ń kan ilẹ̀kùn onígbèsè. Fáwọ̀lù ni wọ́n ń kó jọ, ẹni tó bá sì ti pé 6 á jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì níwájú yín.

Fífò gbá bọ́ọ̀lù dànù, ìyẹn bọ́tìnì onígun mẹ́ta, ló dùn jù, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀tàn pọ̀ sí. Alátakò á ṣe bí ẹni fẹ́ jù ú, ẹ ti fò sókè, òun á rọra gba abẹ́ yín kọjá. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ló ṣì gbá bọ́ọ̀lù dànù jù nínú àkọsílẹ̀ NBA: 3,830. Kó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, gólì ló máa ń ṣọ́, agbágólì kì í sì í fò kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù sí i. Ẹ dúró kí ẹsẹ̀ alátakò kúrò nílẹ̀ ná. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ ti ọ̀pá kékeré ọwọ́ ọ̀tún sókè. Agbábọ́ọ̀lù yín á na ọwọ́ méjèèjì láìfò, ìyẹn náà tó láti ba ojú jíjù jẹ́.

Ní tèmi, ẹni tó ń fi X pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù ní gbogbo ìgbà kò tíì ṣe tán láti dènà. Kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ mú ẹni gíga tó wà lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ kí ẹ̀rọ máa lé ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni. Irú iṣẹ́ tí Silva ṣe ní NBA nìyẹn, owó ni wọ́n sì san fún un.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá wọn ṣètò kọ́tà kọ̀ọ̀kan sí ìṣẹ́jú 5, kí eré má di ọ̀gànjọ́ òru. Lẹ́yìn náà, ẹ yí òfin padà fún ọ̀sẹ̀ kan: ẹni tó bá jẹ́ kí ẹnìkejì jẹ ju 40 lọ ló fìdí rẹmi, kódà bó jẹ́ òun ló borí. Kí àbúrò kọ́kọ́ mú ẹgbẹ́ tó wù ú, kí ẹ̀gbọ́n mú nínú èyí tó kù.