Ẹyẹ Tó Wà Nínú Inauguration

Nígbà tí wọ́n ń búra fún ààrẹ Amẹ́ríkà lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ mi obìnrin ní, "Mọ́mì, níbo ni wọ́n ti rí inauguration yìí gan-an?" N kò mọ èsì tí mo lè fún un, ni mo bá lọ wádìí.

Ọwọ́ àwọn awo ni wọ́n ti rí i. Augur ni wọ́n ń pè wọ́n ní Róòmù àtijọ́. Wọ́n á fi ọ̀pá tí orí rẹ̀ ká kò pín ojú ọ̀run, wọ́n á wá máa ṣọ́ ẹyẹ: ibi tó gbà fò, bó ṣe ké. Ìtàn wọn ní ìbejì kan, Remus àti Romulus, jọ ṣọ́ ẹyẹ: Remus rí igún 6, Romulus rí 12, Romulus ló sì tẹ ìlú náà dó. Ní ọdún 249 ṣáájú Kristi, adìyẹ tí wọ́n fi ń wo àmì kọ̀, kò jẹun. Publius Claudius Pulcher, ọ̀gágun Róòmù, bínú da gbogbo wọn sókun, ó lọ jagun; ọ̀tá gba ọkọ̀ ojú omi 93 lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, iṣẹ́ èṣù ni Ifá, tó jẹ́ ọ̀nà tiwa láti wo àmì. Ó máa ń dùn mí.

Àwa náà kì í dáwọ́ lé nǹkan láìbèèrè, ìkọsẹ̀dáyé, Ifá tí a ń dá fún ọmọ tuntun ní ọjọ́ kẹta, ni mo sì fẹ́ràn jù. Ìsọmọlórúkọ kò lè parun: oyin àti obì ò wọ́n ní London tàbí Houston. Ọjọ́ kẹta ni a ń gbàgbé. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ ìkókó méjèèjì kan ojú ọpọ́n Ifá. Babaláwo á kó ikin 16 sí ọwọ́ òsì, á fi ọ̀tún já wọn gbà. Bó bá ṣẹ́ ku ẹyọ kan, á tẹ ìlà méjì sínú ìyẹ̀rosùn. Bó bá ku méjì, ìlà kan. Ìgbà 8 ni yóò tẹ̀ ẹ́ kí odù tó yọjú, ọ̀kan nínú 256. Ìgbà yẹn ni ìyá ọmọ á gbọ́ ohun tí orí ọmọ yàn, iṣẹ́ tó bá a mu, àti èèwọ̀ rẹ̀. Ìyá màmá mi kò fẹnu kan òkété títí ọlọ́jọ́ fi dé, torí ohun tí wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ kẹta wọn nìyẹn.

Jíjìnnà sílé kò ní ká pa Ifá tì: ní Kúbà, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ, àwọn babaláwo ṣì ń dá Ifá ọdún tuntun ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, wọ́n á sì kéde rẹ̀ fáyé gbọ́.

Tọkọtaya kan tí mo mọ̀ ní kí bàbá àgbà bá àwọn dá Ifá ìkọsẹ̀dáyé ọmọ wọn n'Íbàdàn, wọ́n sì gbọ́ ọ lórí WhatsApp. Ẹsẹ̀ ọmọ kò kan ọpọ́n, ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ odù rẹ̀, wọ́n sì ti kọ èèwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ dè é.