Kí Ẹ Tó Sanwó Ilé, Ẹ Bèèrè Gbogbo Àwọn Tó Ni Ín



Inú gbogbo wa ni yóò dùn láti kúrò nínú ilé àyágbé kí á di onílé. Ṣùgbọ́n nítorí ìkánjú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kó owó tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ tù jọ fún ẹni tí kò ní àṣẹ lórí ohun tí ó ń tà. Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù níbẹ̀.

Àṣìṣe kìíní ni kí á sanwó nítorí pé a mọ ẹni tí ń tà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ Àlàájì tí a jọ ń kírun ní mọ́sálásí kan náà, ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ sílẹ̀. Sūratul-Baqarah, āyah 282, pa á láṣẹ fún wa láti máa kọ gbèsè sílẹ̀, kí á sì máa pe ẹlẹ́rìí sí kárà-kátà. Rìsíìtì nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà tiyín, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà, kọ ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin méjèèjì yóò fọwọ́ sí lójú ẹlẹ́rìí.

Àṣìṣe kejì ni kí á gba ìwé tí wọ́n fi hàn wá gbọ́ láìtọpinpin rẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ lè gbé àwòrán ilẹ̀ náà lọ sí Aláùsá, kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Lọ́yà yóò sì yẹ àkọsílẹ̀ ìjọba wò, láti mọ̀ bóyá wọ́n ti tà á fún ẹlòmíràn tàbí wọ́n ti fi yáwó. Ilé tó ní C of O pàápàá, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ní a kò gbọ́dọ̀ tà á láìgba àṣẹ gómìnà. Nítorí náà, ẹ ṣẹ́ owó ìwé kù. Ẹni tó ná gbogbo owó rẹ̀ tán lórí ilé nìkan kò tíì rà á tán. Lóòótọ́, òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2016 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta dúkìá tí ènìyàn kò ní àṣẹ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ilé ẹjọ́ tó dá ẹjọ́ náà, owó ti lọ.

Àṣìṣe kẹta ló kan ẹgbẹ́ wa jùlọ: ilé olóògbé. Bàbá kú, ó fi àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀. Kò pẹ́, àbúrò rẹ̀ gbé ilé síta, ó ń tà á ní ẹ̀dínwó, ó ní kí wọ́n tètè sanwó. Ẹni tí ń rà rò pé oríire ló pàdé. Bẹ́ẹ̀ ìyàwó olóògbé ní ìpín kan nínú mẹ́jọ bí ọmọ bá wà, àwọn ọmọ náà sì ní tiwọn. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹbí, olórí ẹbí kò gbọ́dọ̀ dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Bí àwọn yòókù bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni títà náà.

Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí ilé ẹjọ́ fi fún wọn láṣẹ láti bójú tó ogún náà hàn yín. Ẹ bèèrè opó náà, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ fúnra yín. Ẹ bi àwọn aládùúgbò. Ẹ bèèrè ibi tí owó àwọn ọmọ yóò wà: alágbàtọ́ kò gbọ́dọ̀ ta ilé ọmọ òrukàn àfi bí ó bá pọn dandan, tàbí bí èrè ọmọ náà bá hàn kedere nínú rẹ̀. A mọ ìkìlọ̀ tó wà nínú Sūratun-Nisāi, āyah 10, fún ẹni tó bá fi àbòsí jẹ dúkìá ọmọ òrukàn. Ẹni tó mọ̀, tó sì rà á bẹ́ẹ̀, kò lè sọ pé ọwọ́ òun mọ́.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí Ọlọ́hun fi ilé tó tura ta wá lọ́rẹ, ilé tí omijé ọmọ òrukàn kò sí nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀. Āmīn.