Ṣé o mọ̀? Títà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ inú bàálù

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1919, ilé iṣẹ́ Handley Page Transport ń ta oúnjẹ inú páálí fún èrò bàálù tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Páríìsì. Ṣílè mẹ́ta ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọ̀fẹ́ dé. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2017, British Airways tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ìpápánu àti tíì lórí ìrìn kúkúrú ní Yúróòpù. Èrò Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ṣì ń jẹ tiwọn láìsanwó lọ́tọ̀, torí ìrìn wákàtí mẹ́fà ó lé nìyẹn. Ará Ìkòsì ní Èkó kò ní ṣe háà sí oúnjẹ títà yìí: ta ló wọ bọ́ọ̀sì ní Kétu tó ń retí gálà ọ̀fẹ́? Bí o bá ń fò láàárín Yúróòpù, béèrè kí o tó jókòó dúró de abọ́.