Ìràwọ̀ Òkun: Apẹran Tó Ń Dá Ẹran Sí

Nígbà tí omi òkun Pàsífíìkì bá fà, tí àpáta etíkun ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà bá yọ síta, ohun tó kọ́kọ́ ń gba ojú ẹni ni ìràwọ̀ òkun. Apá márùn-ún ló sábà máa ń ní. Òmíràn jẹ́ aláwọ̀ àlùkò, òmíràn jẹ́ aláwọ̀ ọsàn. Kò lórí, kò léyín, ìrìn rẹ̀ sì falẹ̀ débi pé ẹni tó ń wò ó á ní kò kúrò lójú kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni ọba apẹran lórí àpáta yẹn.

Oúnjẹ tó fẹ́ràn jù ni ẹ̀dá kan tó ń gbé inú ìkarahun méjì tó pa dé mọ́ra. Ìyẹn ò bá ẹnikẹ́ni jà: omi ló ń sẹ́, kó lè rí àwọn ohun ẹlẹ́mìí wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ jẹ. Bí ìràwọ̀ òkun bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á gùn ún, á fi àwọn ẹsẹ̀ tín-ín-rín tó kún abẹ́ apá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìkarahun méjèèjì, á wá máa fà á ya. Onílé á há ara rẹ̀ mọ́lé gírígírí. Ṣùgbọ́n bó bá rẹ̀ ẹ́, tí àlàfo tó tín-ín-rín ju èékánná lọ bá ṣí, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìràwọ̀ òkun kì í fa ẹran náà jáde. Ikùn tirẹ̀ ni yóò yọ gba ẹnu jáde, tí yóò sì tì í gba àlàfo yẹn wọlé. Ibẹ̀ ni yóò ti sọ ẹran náà di omi. Tó bá yó tán, á fa ikùn rẹ̀ padà.

Ìgbín òkun kékeré kan tún wà níbẹ̀ tó máa ń dá ihò sára ìkarahun ẹlòmíràn kó tó jẹ ẹran inú rẹ̀. Òun náà, oúnjẹ ìràwọ̀ òkun ni. Àwọn tó ń ha ewéko òkun jẹ lára àpáta kò bọ́.

Ní 1963, Robert Paine, olùkọ́ ní Yunifásítì Washington, mú irin gbọọrọ lọ sí Mukkaw Bay ní etíkun Washington yìí. Ó yan ibì kan lára àpáta tó gùn tó mítà mẹ́jọ, ó ṣí gbogbo ìràwọ̀ òkun ibẹ̀ kúrò, ó sọ wọ́n sómi. Èyí tó bá tún yọjú, á jù ú nù. Kò fọwọ́ kan ibì kejì tó wà nítòsí.

Èèyàn á rò pé ìdẹ̀ra dé bá gbogbo àwọn tó kù. Àmọ́ ààyè ló wọ́n lórí àpáta. Kò pẹ́ tí oníkarahun méjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀, tó ń gun àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ewéko òkun ò rí ibi fìdí múlẹ̀ mọ́, àwọn tó ń jẹ ẹ́ bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Oríṣi ẹ̀dá 15 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Paine fi gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1966, 8 ló kù. Kì í ṣe àánú ló ń ṣe ìràwọ̀ òkun, ebi ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń jẹ alágbára, bẹ́ẹ̀ ni aláìlágbára ń rí ibi jókòó.

Ní 2013, àrùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí apá ìràwọ̀ òkun máa já, kí ara wọn máa yọ́, láti Alaska títí dé Mexico. Èyí tó jìyà jù ni ìràwọ̀ òkun ńlá kan tí apá rẹ̀ lè lé ní ogún, tó máa ń jẹ ẹ̀dá ẹlẹ́gùn-ún tí ń run ewéko òkun. Bí ìyẹn ṣe ń kú tán ni ẹlẹ́gùn-ún ń pọ̀ sí i. Omi tó gbóná tún dá kún un, igbó ewéko abẹ́ òkun ní àríwá California sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú etíkun, kó má ṣe ka apẹran sí ọ̀tá kó tó wá mọ ẹni tí kò ní ráàyè gbé bí apẹran yẹn ò bá sí.